Buzz pollination: òdòdó tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ̀n kó tó tú àtíkè sílẹ̀

Ẹ já òdòdó tòmátì kan, kí ẹ wo àárín rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan ṣóńṣó kan tó pọ́n bí ìyeyè. Inú ibẹ̀ ni àtíkè òdòdó wà, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí òdòdó fi ń di èso. Lára ọ̀pọ̀ òdòdó, ìta gbangba ni àtíkè yìí máa ń wà. Kòkòrò tó bá ti fara kàn án, ó di dandan kó gbé díẹ̀ lọ. Ti tòmátì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó há sínú, ẹnu ṣóńṣó yẹn nìkan ló sì lè gbà jáde, bí agolo àtíkè onígbọ̀ngbọ̀n tó ní ihò lórí. Ẹni tí kò bá gbọn agolo, kò ní rí nǹkan fi pa ojú.

Oyin tí wọ́n ń pè ní bumblebee mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ó sanra, irun bò ó lára. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, àmọ́ ó pọ̀ ní Yúróòpù. Tó bá bà lé òdòdó, á fẹnu di ṣóńṣó yẹn mú, á ká ara mọ́ ọn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iṣan tó fi ń fò ló ń lò, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ kò ní fẹ̀, bíi mọ́tò tó wà ní fíríì tí awakọ̀ ń tẹná rẹ̀. Ó lè gbọ̀n tó ìgbà 200 sí 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àtíkè á sì dà sí i níkùn.

Oyin tí à ń fá afárá rẹ̀ kò mọ èyí ṣe. Oyin dúdú ńlá tó máa ń dá igi òrùlé lu mọ̀ ọ́n ṣe ní tiẹ̀. Òun ló ń kùn nínú oko ikàn.

Nínú oko gbangba, atẹ́gùn máa ń gbọn tòmátì. Inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin tòmátì sí ni kò ti sí atẹ́gùn. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ló ń fi ọ̀pá oníná mànàmáná tó ń gbọ̀n kan ìdì òdòdó níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí Roland de Jonghe, dókítà ẹran ará Belgium, rí i ní 1985 pé bumblebee lè ṣe é, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n tà nínú páálí.

Wọ́n kó wọn dé Chile, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1998, àwọn oyin náà sì jáde kúrò níbi tí wọ́n kó wọn sí. Ibẹ̀ ni Bombus dahlbomii ń gbé, bumblebee ràgàjì tó pọ́n bí ọsàn. Láti ìgbà náà, ó ti pòórá ní ọ̀pọ̀ ibi tó ti wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀.