Lọ́yà tí kì í gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, kí ló ń jẹ?

Níbi òde kan ní Houston, màmá àgbà kan fà mí lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni ẹ́, wọ́n tún ní o kì í gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ṣé kò sí nǹkan nídìí ẹ̀ ṣá?" Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n màmá nìkan kọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọba ló ń sanwó fún yín ni?

Ìdáhùn: Rárá o, NGO tó ń ran àwọn ogúnléndé lọ́wọ́ ló gbà mí síṣẹ́, àwọn ló ń san owó oṣù mi. Wọ́n ń rówó lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ fáúndéṣọ̀n, lọ́dọ̀ àwọn tó kàn ń fi ogún dọ́là ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìgbà míì grant ìjọba, tíyẹn bá sì dúró lójijì, wọ́n á ní káwọn kan nínú wa máa lọ sílé. Ní kọ́ọ̀tù ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà, o láṣẹ láti mú lọ́yà wá, ṣùgbọ́n ìjọba ò ní bá ẹ san kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó jalè tí ò sì lówó, wọ́n á fún un ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Ẹni tó sá fún ikú, kó wá tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọmọ kékeré pàápàá ti dúró níwájú adájọ́ rí láìní lọ́yà, tí lọ́yà ìjọba sì jókòó sódìkejì. Àyè yẹn làwa ń dí. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ká má parọ́.

Ìbéèrè: Refugee àti asylum, ṣebí ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n ń sá fún lè jọra, ọ̀nà ni ò jọra. Refugee, òkè òkun ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n fún un ní pépà kó tó wọ bàálù. Ẹni tó ń wá asylum, ìyẹn ààbò kí wọ́n má bàa dá a padà síbi tó ti sá wá, ti dé Amẹ́ríkà tàbí ẹnubodè kó tó béèrè. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi hàn pé nítorí ẹ̀yà wọn, ẹ̀sìn wọn, orílẹ̀-èdè wọn, èrò òṣèlú wọn tàbí irú àwùjọ tí wọ́n wà ni wọ́n ṣe ń dọdẹ wọn. Ebi ò sí níbẹ̀, àìríṣẹ́ ò sí níbẹ̀, àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Fọ́ọ̀mù I-589, tí wọ́n fi ń béèrè asylum, sì rèé, ọdún kan péré lo ní látọjọ́ tó o wọlé, àwáwí díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lẹ́yìn ẹ̀, ẹlòmíì ò ní gbọ́ nípa ẹ̀ àfi lọ́dún kẹta, lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a gẹrun.

Ìbéèrè: Kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá? Ṣé ẹ ò gbà wá gbọ́ ni?

Ìdáhùn: Èmi gbà yín gbọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2005 ló gba adájọ́ láyè pé kó fi àìbáramu kékeré, kódà èyí tí ò kan kókó ọ̀rọ̀, sọ pé o ò ṣeé gbà gbọ́. Ẹ wo déètì: ẹnì kan kọ 04/07 fún ọjọ́ tó wọ ẹ̀wọ̀n, ọjọ́ kẹrin oṣù keje ló ní lọ́kàn, ará Amẹ́ríkà kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹrin, ó di pé ó wà lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó mú un. Ẹlòmíì ní wọ́n pa "bùrọ̀dá mi" lójú òun, àmọ́ nínú fọ́ọ̀mù, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àwa mọ̀ pé ọmọ àbúrò bàbá náà bùrọ̀dá ni. Ta ló sọ fún òyìnbó?

Ìbéèrè: Ṣé ẹ ò lè bá èèyàn tún ìtàn ẹ̀ tò kó lè dùn?

Ìdáhùn: N ò ṣe é. Tí wọ́n bá rí i pé o mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú ìwé asylum, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn ìmígíréṣọ̀n mọ́ ẹ títí ayé, tó o bá tiẹ̀ fẹ́ ọmọ ìlú lọ́la. Àwọn tó ń ta ìtàn kiri ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ìwọ náà gbọ́ Yorùbá, o ò ṣe kúkú ṣe ògbufọ̀ wọn?

Ìdáhùn: Òfin ò gbà. Ní ọ́fíìsì asylum, lọ́yà ẹni ò lè ṣe ògbufọ̀ ẹni. Mo á kàn jókòó, mo á máa gbọ́ èdè méjèèjì. Obìnrin kan, mo ti yí díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ń sọ nípa bàbá ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wọlé lóru, wọ́n ní àwọn máa pa mí." Ògbufọ̀ wa, ọmọkùnrin tí wọ́n bí síbí, sọ ọ́ di "they". Ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò béèrè pé èèyàn mélòó? Obìnrin náà ní ẹnì kan. Ọ̀gá ní ṣebí o ní wọ́n pọ̀? Òógùn bò mí. Ìparí ni wọ́n tó máa ń fún lọ́yà láyè láti sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì kọ́kọ́ sọ ni pé, ọ̀gá, Yorùbá kì í pe bàbá ọkọ ní "ó", ọ̀wọ̀ ni "wọ́n" yẹn. Ó wo obìnrin náà, ó wo ìwé ẹ̀, ó fa ìlà lé "they", ó kọ "he" sókè ẹ̀.