Ìtọ́jú àyíká nínú ẹ̀sìn Krìstẹ́nì

Ìtọ́jú àyíká nínú ẹ̀sìn Krìstẹ́nì dúró lórí ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, àti pé ìríjú ni ènìyàn jẹ́ lórí rẹ̀. Ibi méjì nínú Jẹ́nẹ́sísì ni àríyànjiyàn sábà máa ń dá lé. Orí kìíní ní kí ènìyàn jọba lórí ẹja, ẹyẹ àti ẹranko. Orí kejì ní a fi í sínú ọgbà Édẹ́nì kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ.

Ní 1967, onímọ̀ ìtàn ọmọ Amẹ́ríkà, Lynn White, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ọ̀nà tí àwọn Krìstẹ́nì Yúróòpù gbà lóye àṣẹ jíjọba inú Jẹ́nẹ́sísì yẹn wà lára ohun tó ba àyíká jẹ́. Ẹ̀sùn ńlá ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì ta kò ó, wọ́n tọ́ka sí Léfítíkù 25, tó ní kí ilẹ̀ sinmi lọ́dún méje-méje, àti Diutarónómì 20, tó ka gígé igi eléso léèwọ̀ fún ọmọ ogun tó dó ti ìlú.

Ní 1989, Pátíríákì Dimitrios, ẹni tó wà ní ipò iwájú láàárín àwọn olórí ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, ya ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún àdúrà lórí ìṣẹ̀dá. Bartholomew tó jẹ tẹ̀lé e là á mọ́lẹ̀ ní 1997 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bíba omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jẹ́. Póòpù Francis kọ lẹ́tà Laudato Si' ní 2015. Ó ní àwọn tálákà ni ìyà ìbàjẹ́ náà ń jẹ jù.

Etiópíà ni ìgbàgbọ́ yìí ti hàn sí ojú jù lọ. Ní àríwá ibẹ̀, oko àti pápá ìjẹko ti gba ọ̀pọ̀ igbó, àmọ́ igbó tó yí ilé ìjọsìn Tewahedo, ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà, ká ṣì dúró. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn onígbàgbọ́ ka igi wọ̀nyí sí. Láwọn ibì kan, ará abúlé ṣa òkúta kúrò lóko, wọ́n fi mọ odi yí igbó ká kí màlúù má bàa jẹ àwọn igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ohùn àwọn Krìstẹ́nì kò ṣọ̀kan. Àwọn kan gbà pé ayé yìí yóò jóná bí Pétérù Kejì 3 ṣe wí, nítorí náà ìgbàlà ọkàn ló ká wọn lára. Àwọn mìíràn di Róòmù 8 mú, níbi tí ìṣẹ̀dá ti ń kérora, tó ń retí òmìnira. Àwọn Krìstẹ́nì ajíhìnrere (evangelical) wà nínú àwọn tó ronú báyìí: àwọn ló dá A Rocha, àjọ tó ń tọ́jú àyíká, sílẹ̀ ní Pọ́túgà ní 1983, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe sì ni àkíyèsí àwọn ẹyẹ ẹnu odò Alvor.