Ìkòkò àlòkù tí a kò mọ ẹni tó lò ó: ṣé ó ṣeé fi se oúnjẹ?

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ra ìkòkò mẹ́rin lọ́jà Wàndó, àlòkù ni gbogbo wọn. Ìgbà tó gbé wọn délé tán ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ohun tó bi mí àti èsì tí mo fún un nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ aláìsàn ló ń lò ó tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ìyẹn kọ́ ni kó dẹ́rù bà ọ́. Fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa, pọn omi sí i, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o sì dà á nù. Kòkòrò àrùn tó ń ti ara ènìyàn ran ènìyàn kì í sábà la ìyẹn já.

Kí ló wá yẹ kí n bẹ̀rù?

Òjé ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá wa kan létí ọ̀sà máa ń yọ́ òjé tó ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n. Ìkòkò irin kékeré ló máa ń gbé ka ààrò. Òjé kò le bí irin: bó bá ti gbóná dé 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di omi, ojú rẹ̀ á máa dán bíi dígí. Iná igi lásán ká a. Bí wọ́n bá wá fọ irú ìkòkò yẹn, tí wọ́n fi epo pa á, tí wọ́n gbé e lọ sọ́jà, ta ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀? Àwọn tó ń tú bátìrì ọkọ̀ náà ń yọ́ òjé bẹ́ẹ̀.

Òjé tó ti wọ ojú irin kì í bá omi gbígbóná lọ tán, iná kì í sì í jó o dànù. Ọmọdé ló ń bá jà jù. Ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ibà tí ìyá á fi tètè fura. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò lè pani lára.

Nítorí náà, gbé ìkòkò irin síta nínú oòrùn, kí o wo igun inú rẹ̀ àti abẹ́ ètè rẹ̀. Bí ohun kan bá kán dì mọ́ ọn bí àbẹ́là, tó ní àwọ̀ eérú, fi orí ọ̀bẹ họ ọ́. Bó bá rọ̀, tó sì ń fa ilà sórí ìwé bíi pẹ́ńsùlù, fura sí òjé.

Èyí tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù dà níbí ńkọ́?

Èyí dùn mí láti sọ, torí kò sí ilé tí kò sí. Ajákù ẹ̀rọ ọkọ̀ àti agolo ni wọ́n sábà máa ń yọ́ pọ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ jábọ̀ lórí ohun ìdáná 42 irú èyí láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, Côte d'Ivoire wà lára wọn. Omi kíkan ni wọ́n sè nínú wọn fún wákàtí méjì. Òjé tó ṣeé kà sí jáde nínú 15. Nítorí náà, tuntun rẹ̀ náà kò mọ́ ju àlòkù lọ. Ohun kíkan ló ń fa òjé jáde: má sun ọbẹ̀ tòmátì mọ́jú nínú rẹ̀, má sì da ògì sí i.

Èyí tí wọ́n fi Teflon bò, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ńkọ́?

Bó bá ti bó, má rà á. Bí kò bá bó, má gbé e sórí iná lófìfo. Èéfín rẹ̀ ń pa ẹyẹ inú ilé.

Èwo ni kí n máa wá?

Irin tí kì í dípẹtà, irú tòkunbọ̀ tó ń gba ebúté Kútọnu wọlé, tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ìyẹn ni èmi náà ń lò.

Mo rí nǹkan eérú yẹn lára ọ̀kan. Ṣé kí n fi bu omi fún adìẹ?

Rárá o. Òjé á bá omi wọ ara adìẹ, á sì dé inú ẹyin tí ẹ ó jẹ. Má fún ẹnikẹ́ni, má tà á. Lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e ka iná.