X-ray orí kọ̀ǹpútà: ibo ni fíìmù wọlé sí?

Láyé fíìmù, ẹni tó bá ya X-ray á gbé àpòòwé ńlá dání jáde, dókítà á fa fíìmù yọ, á nà án sókè síbi tí iná wà. Nísinsìnyí, a lè ní kí ẹ máa lọ lọ́wọ́ òfo, pé àwòrán yín ti dé ọ̀dọ̀ dókítà ṣáájú yín. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi àwa tí a ń yà á nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé kámẹ́rà lẹ wá fi ń yà á báyìí ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára nǹkan ni kámẹ́rà ń gbà, ìtànṣán X-ray ní tirẹ̀ ń gba inú ara kọjá ni. Eegun ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí eegun fi ń funfun. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ìtànṣán ń rí ọ̀nà gbà, ibẹ̀ á dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti 1895 tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí rẹ̀ ní Würzburg, nílẹ̀ Jámánì. Ohun tó ń gba ìtànṣán lẹ́yìn ara yín ló yí padà.

Ìbéèrè: Kí ni CR, kí sì ni DR?

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì tí a ń gbà ya X-ray sórí kọ̀ǹpútà ni. CR (computed radiography) ló ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí fíìmù nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Awo pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, tó máa ń tọ́jú díẹ̀ lára agbára ìtànṣán tó bá bà á. Tí a bá yà yín tán, a ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń kà á. Lésà pupa á máa gba ojú awo ní ìlà-ìlà, ibi tó bá kàn á tan ìmọ́lẹ̀ búlúù, ẹ̀rọ á wọn ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ líle á pa ohun tó kù lójú awo rẹ́, ká lè fi ya ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ Fuji ní Japan gbé irú rẹ̀ wọ ọjà ní 1983.

Ti DR (digital radiography) kò pẹ́ rárá. Awo rẹ̀ ń sọ ìtànṣán di iná mànàmáná lójú ẹsẹ̀, àwòrán á ti yọ kí ẹ tó wọ aṣọ yín padà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí dókítà ń fa máòsì sókè-sódò, tí àwòrán ń mọ́lẹ̀, tó tún ń ṣú?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ni àwòrán náà. Ó pín sí ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pixel, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Lórí ẹ̀rọ oní-bit 12, nọ́ńbà yẹn lè wà níbikíbi láti 0 dé 4095. Ojú èèyàn ò lè dá gbogbo ìyẹn mọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dókítà á wá yan apá tó fẹ́ wò. Window ni wọ́n ń pè é. Nínú X-ray àyà kan náà, tó bá fà á síbí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín inú ẹ̀dọ̀fóró á hàn kedere. Tó bá fà á sọ́hùn-ún, eegun ẹ̀yìn tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọkàn á yọ. A ò sì tún yín yà.

Ìbéèrè: Mo fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ dókítà ní London lórí WhatsApp. Ṣé kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpele yẹn, 256 péré ni fọ́tò fóònù sábà máa ń gbé, WhatsApp á tún fún un pọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ò lè fa window kankan. Ẹ bèèrè fáìlì DICOM, ìyẹn ojúlówó fáìlì àwòrán náà, wọ́n lè fi sínú CD fún yín: orúkọ yín, ọjọ́ tí wọ́n yà á, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. PACS tí ẹ ń gbọ́ ni ibi tí ilé ìwòsàn ń kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí.

Ìbéèrè: Ṣé ìtànṣán ti orí kọ̀ǹpútà kéré ju ti fíìmù lọ ni?

Ìdáhùn: Ó lè kéré, kò pọn dandan. Ti àyà tí wọ́n yà dáadáa kò ju nǹkan bí ìtànṣán ọjọ́ mélòó kan tí ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún gbogbo wa lọ. Àmọ́ ohun kan wà tí a kì í sábà sọ. Láyé fíìmù, tí ìtànṣán bá pọ̀ jù, fíìmù á ṣú, gbogbo ayé á rí i. Kọ̀ǹpútà ń tún un ṣe ní tirẹ̀. Tí ìtànṣán bá kéré jù, àwòrán á rí ṣákaṣàka bí ẹni wọ́n iyanrìn sí i. Tó bá pọ̀ jù, á kàn dán gbinrin ni. Ẹni tó ń yà á, tí kò fẹ́ kí wọ́n dá àwòrán padà fún òun, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún ìtànṣán díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fura. Èmi gan-an, àwòrán tó bá ti dán jù ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní DI (deviation index), tó ń sọ bí ìtànṣán ṣe jìnnà sí iye tó yẹ: 0 ni ibi tó yẹ kó wà, +3 túmọ̀ sí pé ìtànṣán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tó yẹ. Ẹ lè bèèrè rẹ̀, kì í ṣe àrífín.

Ìbéèrè: Tí àwòrán ò bá dáa, ṣebí kọ̀ǹpútà á tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó lè dín in kù. Ẹ̀gbà ọrùn tí ẹ kò bọ́, kò lè yọ ọ́. Ẹni tí a sì ní kó dá èémí dúró, tó wá mí sókè, àfi ká tún un yà.