Ìdí Tí Owó Oògùn Àwọn Àgbàlagbà Fi Ń Fò Sókè Lóṣù Kìíní ní Amẹ́ríkà

Ká ní ìyá àgbà kan ní Houston gba oògùn rẹ̀ lóṣù Kejìlá láìsan sẹ́ǹtì kan. Ó padà lọ lóṣù Kìíní: oògùn kan náà, ike kan náà, wọ́n ní kó san $711. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní apòògùn fẹ́ rẹ́ ìyá jẹ. Bẹ́ẹ̀ ọdún ló yí padà, kì í ṣe apòògùn.

Medicare Part D, ètò ìjọba tó ń bá àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 gbé owó oògùn láti ọdún 2006, ọdọọdún ló ń ṣírò. Tí ọjọ́ kìíní ọdún bá ti pé, iye téèyàn ti san lọ́dún tó kọjá kò sí nínú ìṣírò mọ́. Lọ́dún 2026, ètò tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kọ̀ọ̀kan ń ṣe lábẹ́ rẹ̀ lè ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dá san $615. Lẹ́yìn náà, yóò máa san ìdá kan nínú mẹ́rin owó oògùn. Ọjọ́ tí owó tó ti àpò rẹ̀ jáde bá pé $2,100, ó bọ́ nìyẹn títí ọdún á fi parí.

Tí oògùn ìyá yìí bá ń jẹ́ $1,000 lóṣù, yóò san $711 lóṣù Kìíní, $250 lóṣooṣù láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹfà, nǹkan bíi $139 lóṣù Keje. Láti oṣù Kẹjọ lọ, òfo. Ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, kò bá ìgbì yìí lọ: kò gbọdọ̀ ju $35 lọ lóṣù, ì báà jẹ́ oṣù Kìíní.

Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni àgbàlagbà tó rí $711, tó dákẹ́, tó lọ ń gé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì kó lè pẹ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí láti ọdún 2025 ni òfin ti pàṣẹ fún gbogbo ètò pé kí wọ́n gbà kí aláìsàn pín owó náà san lóṣooṣù, láìsí èlé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láti oṣù Kìíní, owó oṣù Kìíní yẹn kò ní ju $175 lọ. Kò dín àpapọ̀ owó kù o, ẹrù ọjọ́ kan ló ń pín. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ni kí wọ́n pè láti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe apòògùn, kó sì jẹ́ kí ọdún tó yí. Ẹni tó dúró di oṣù Kẹsàn-án, oṣù tó kù láti pín in sí kò tó nǹkan.

Lẹ́tà àyípadà ọdún tó ń bọ̀ máa ń dé nínú oṣù Kẹsàn-án. Kí ọmọ bá òbí kà á, torí oògùn tó wà nínú ìwé àwọn oògùn tí ètò ń bá wọn san lọ́dún yìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni àyè àtipààrọ̀ ètò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Àwọn òbí tó ń wálé ṣọdún ní Nàìjíríà ńkọ́? Oògùn tí wọ́n bá rà níbí, Medicare kò ní san án padà, kò sì ní kà á mọ́ $2,100 náà.