Owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà: ṣé tí a bá ti gbé e ni ìjọba á gé e?

Lọ́jọ́ kan nílé bàbá mi kékeré ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n gbé àpòòwé kan ka orí tábìlì níwájú mi, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n má tíì ṣí i. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní Maryland kí wọ́n tó padà wálé.

“Ọmọ mi, owó ti bàjẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo ní kí ilé iṣẹ́ gbé e láti àkáǹtì kan lọ sí òmíràn, ni wọ́n bá fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ sí mi. Ìjọba máa gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.”

Mo mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Láti Wàǹdó títí dé Kétu, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Amẹ́ríkà dé ń sọ nìyẹn: owó ìfẹ̀yìntì dà bí ẹyin tí adìẹ sàba lé, tí o bá ti gbé e kúrò nídìí rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí ẹ̀rù yìí, àwọn kan fi owó wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti kúrò láti ọdún gbọ́nhan, wọn ò mọ ẹni tó ń bójú tó o mọ́. Àwọn tó dùn mí jù ni àwọn tó ní, “Bí wọ́n bá máa gé e náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú gba gbogbo rẹ̀ kí n fi kọ́lé.” Wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn fa ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ẹni tó kó àgbàdo láti inú àká kan sínú àká kejì kò tíì jẹ ẹ́. Bí òfin owó-orí Amẹ́ríkà ṣe rí i nìyẹn. Owó inú 401(k), ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń ṣí fún òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Traditional, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá lọ tààrà sínú IRA, ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí èèyàn ń ṣí fún ara rẹ̀, tó jẹ́ Traditional bíi tirẹ̀, owó-orí rẹ̀ ṣì ń dúró de ọjọ́ tí o bá mú un jáde láti ná. Kò sí gígé, kò sí owó ìtanràn, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Ohun méjì péré ló yẹ kí a bi ara wa: ọwọ́ ta ni owó náà gbà kọjá, irú àkáǹtì wo ló sì wọ̀?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti hù. Bí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú 401(k) bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí orúkọ tìrẹ, tàbí tó san owó náà sí bánkì rẹ, òfin pa á láṣẹ fún un láti yọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ìjọba ná. Ká ní 50,000 dọ́là ni owó náà: 40,000 ló máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ní 60 ọjọ́ láti dá a padà sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mìíràn. Ibi tó ti máa ń ta ni lára ni pé 50,000 ló yẹ kó wọlé padà. 10,000 tí wọ́n yọ yẹn, àpò ara rẹ ni wàá ti wá a jáde. Bí o bá rí i fi dí i, wọ́n á ka 10,000 tó wà lọ́wọ́ ìjọba sí owó-orí tí o ti san nígbà tí o bá kọ ìwé owó-orí ọdún náà, o sì lè gbà á padà. Bí o ò bá rí i, òfin á kà á sí owó tí o ti mú jáde: wàá san owó-orí lórí rẹ̀, bí o kò bá sì tíì pé ọdún 59 ààbọ̀, ìtanràn ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 1,000 dọ́là, á tún gun orí rẹ̀, àfi bí o bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀.

Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí á délé, á ní, “Mo gbé owó mi, wọ́n gé e.” Irọ́ kọ́ ló ń pa. Àmọ́ kò sọ pé òun lòun kọ́kọ́ gbà á sọ́wọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi 60 ọjọ́ yẹn ṣòwò. Mo mọ̀ bó ṣe máa ń wu èèyàn: kí a fi ra ọjà, kí a tà á, kí a tún dá owó padà kí ọjọ́ tó pé. Ìnáwó òkú kan ṣoṣo tó bá yọjú láàárín, ọjọ́ ti kọjá. Òfin fàyè gba ẹni tó pẹ́ nítorí àìsàn líle, ọ̀fọ̀ nínú ẹbí tàbí àṣìṣe bánkì láti kọ̀wé ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọjà tí kò tà kò sí níbẹ̀. Láti IRA sí IRA, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín oṣù 12 lo lè gba owó sọ́wọ́ kí o sì dá a padà báyìí, bí IRA rẹ tilẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń ka gbogbo wọn sí ọ̀kan. Èyí tó bá lọ tààrà kò sí nínú òǹkà yìí, iye ìgbà tó bá wù ọ́ lo lè ṣe é.

Ti irú àkáǹtì ńkọ́? Roth nìkan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Orúkọ William Roth, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Delaware, ni wọ́n fi pe Roth IRA, òfin ọdún 1997 ló sì dá a sílẹ̀. Owó tí a ti san owó-orí lórí rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, bó bá sì tó àkókò, ó ń jáde láìsan nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, bí o bá gbé 20,000 dọ́là láti Traditional sí Roth, bó tilẹ̀ lọ tààrà, wọ́n á ro 20,000 yẹn pọ̀ mọ́ owó tó wọlé fún ọ lọ́dún náà, wàá sì san owó-orí rẹ̀. Owó-orí nìyẹn, kì í ṣe ìtanràn. Ó lè ṣe ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lọ́dún yẹn láǹfààní gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, bí o bá ti ṣe é, kò ṣeé dá padà mọ́, nítorí náà ẹ ṣírò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwa tí a wà nílé. Ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wà lábẹ́ òfin owó-orí wọn níbikíbi tó bá ń gbé. Ẹni tí kò ní in, tí kò sì ní ìwé ìgbélùú wọn mọ́, bó bá ní kí wọ́n san owó náà fún òun níhìn-ín, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń yọ, nítorí Benin kò ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé ní Faransé lè sọ ohun mìíràn fún yín, torí Faransé ní àdéhùn tirẹ̀.

Bàbá mi kékeré gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí àpòòwé nígbà tó yá. Mo fa ṣẹ́ẹ̀kì náà yọ, mo sì fi ìka mi síbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni owó sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé owó lọ ló ṣáájú. Lẹ́tà mẹ́ta tẹ̀ lé e, FBO, kó tó wá kan orúkọ tiwọn. Ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ ni pé ilé iṣẹ́ náà ló ni ṣẹ́ẹ̀kì, ó kàn ń gbà á nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn ni. Bàbá mi ò lè gbà á ní bánkì kankan. Ọwọ́ wọn kàn jẹ́ ọwọ́ ìránṣẹ́ ni, òfin sì kà á sí owó tó lọ tààrà. Iye tó wà lórí rẹ̀ pé pérépéré, kò sí 20 kankan tí wọ́n yọ.

Mo bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́dún tó pé 55 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ lè gba owó nínú 401(k) ibi iṣẹ́ yẹn láìsan ìtanràn, àǹfààní yẹn sì máa ń sọnù bí owó bá ti wọ IRA. Wọ́n ní 53. Kò sí ohun tó sọnù fún wọn.

Ọmọ wọn bá wa fi ṣẹ́ẹ̀kì náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí fọ́ọ̀mù 1099-R, ìwé tó ń sọ iye owó tó jáde nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àyà wọn tún já, nítorí gbogbo owó náà ló wà nínú àpótí kìíní bí ẹni pé wọ́n ti gbà á. Mo ní kí wọ́n wo àpótí 2a, iye tí wọ́n máa san owó-orí lé lórí: òdo ni. Lẹ́tà G ló sì wà nínú àpótí keje, àmì owó tó lọ tààrà nìyẹn.