Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi iṣẹ́ tó ń ṣòfò

Ká fi Òṣogbo, ìlú aró, wò ó. Ká ní ilé aláró mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kálukú wọn ń pa àdìrẹ 100 láró lọ́sẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń lo òṣìṣẹ́ 4 àti agolo aró 16. Ìkejì ń lo òṣìṣẹ́ 12, àmọ́ agolo 8 péré ni. Ìkẹta ń lo òṣìṣẹ́ 10 àti agolo 15. Èwo ló ń ṣòfò?

Nínú ọ̀nà tí onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé M. J. Farrell là sílẹ̀ lọ́dún 1957, a lè gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná, ká fi ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ pa ti àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ìkejì, kí ẹ pín in sí méjì: òṣìṣẹ́ 8, agolo 12, aṣọ 100. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ìkẹta ń ná nìyẹn. Máàkì ìkẹta di 80 nínú 100. Àwọn méjì yòókù gba 100. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ àti ẹni tó da aró púpọ̀, kò sí èyí tí wọ́n fojú di. Ibi tí ọ̀nà yìí ti dára jù lọ nìyẹn.

Lọ́dún 1978, àwọn olùwádìí Charnes, Cooper àti Rhodes sọ ọ́ di ìṣirò tó lè gba oríṣiríṣi ohun tí ibi iṣẹ́ ń lò àti ohun tó ń mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ Rhodes lórí ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Amẹ́ríkà ló bí i. Ta ló fẹ́ dá iye owó lé ọmọ tó ti mọ̀wé kà? Ìdí rèé tó fi ràn dé ilé ìwòsàn, báǹkì àti ilé ẹjọ́. Nígbà tí ọdún 2016 fi máa parí, àpilẹ̀kọ ìwádìí lórí rẹ̀ ti lé ní 10,000.

Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí aṣọ ìkẹta kò gbẹ, ìṣirò yìí á ka gbogbo rẹ̀ sí òfò. Lọ́dún 1977 ni Aigner, Lovell àti Schmidt, àti Meeusen pẹ̀lú van den Broeck lọ́tọ̀, ti gbé ọ̀nà mìíràn jáde tó ń ya kòńgẹ́, irú bí òjò yẹn, sọ́tọ̀ kúrò lára òfò.

Máàkì 100 pàápàá kò sọ pé òfò kò sí. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣí ìkòkò sílẹ̀ tí atẹ́gùn ń pa aró, ìṣirò kò ní rí i, àfi bí wọ́n bá mú ilé aláró kẹrin wá, tó ń dé ìkòkò tirẹ̀.